Orúkọ kan pòórá nínú ìwé Amazon, ni iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ìdààmú dé bá àìmọye èèyàn káàkiri ayé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi Snapchat kí ara wọn tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Àwọn tó ń fi Fortnite ṣeré kò rí ọ̀nà wọlé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àwọn oníbàárà báńkì Lloyds àti Halifax kò rí àkáǹtì wọn wò, bẹ́ẹ̀ ni ìkànnì HMRC, iléeṣẹ́ agbowó-orí ìjọba ibẹ̀, ń ṣe ségesège. Ogun kò bẹ́ sílẹ̀, wáyà kò já, olè kò sì jálẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n háyà lọ́wọ́ Amazon ni gbogbo wọn ń lò, ní ibùdó rẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ Virginia, l'Amẹ́ríkà, orúkọ kan ṣoṣo ló di òfìfo nínú ìwé.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Bí èèyàn ṣe ń tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tí fóònù yóò sì fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìwé orúkọ kan wà tí wọ́n ń pè ní DNS, òun ló ń sọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀rẹ̀, fáìlì kan péré ni. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth Feinler àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní California ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ kún un yóò kàn sí wọn. Nígbà tí orúkọ wá pọ̀ jù, Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀ lọ́dún 1983, kí onílé kọ̀ọ̀kan lè máa tọ́jú ojú ewé tirẹ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ojú ewé náà tẹ́lẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Lóde òní, ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ ọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní àkójọ àṣẹ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, wọn yóò kàn fà á lò: fi orúkọ yìí kún un, yọ tọ̀hún, pààrọ̀ nọ́ńbà. Kò sì sí bí wọn kò ṣe ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo lára iṣẹ́ Amazon, èyí tí wọ́n ń pè ní DynamoDB, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ tó ń yí padà nígbà gbogbo.

Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyẹn. Ètò méjì ni Amazon yàn sídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń ṣètò bí àkọsílẹ̀ yóò ṣe rí, èkejì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Akọ̀wé yìí pé mẹ́ta, kí ọ̀kan má baà kú kí iṣẹ́ dúró. Lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn falẹ̀. Kó tó parí, òmíràn ti gba ètò tuntun, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ti ń palẹ̀ àwọn ètò àtijọ́ mọ́. Ni èyí tó falẹ̀ bá dé, ó kọ ètò àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé tuntun lórí. Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ rí i pé ètò náà ti pẹ́ jù, ó sì pa á rẹ́. Báyìí ni gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì DynamoDB ní ibùdó náà ṣe pòórá. Kò sí akọ̀wé kankan tó tún lè kọ nǹkan mọ́, àfi ìgbà tí ọmọ èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Nàìjíríà ku ìṣẹ́jú méjìlá ló bẹ̀rẹ̀. Orúkọ padà sáyè ṣáájú aago mọ́kànlá, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá kí ara gbogbo iṣẹ́ tó tù.

Kì í ṣe Amazon nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2009, ètò tó ń kọ ìwé orúkọ orílẹ̀-èdè Sweden gbàgbé àmì tóótó kan péré, ni gbogbo orúkọ tó parí sí .se bá di aláìrí. Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, àṣẹ kan tí wọ́n pa nígbà àtúnṣe ló gé Facebook, WhatsApp àti Instagram kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ètò tó yẹ kó dá àṣẹ náà dúró ní àléébù lára, kò dá a dúró.

Ìyẹn kò sọ pé kí wọ́n padà sí fífi ọwọ́ kọ ọ́, nítorí ọwọ́ náà ń ṣì í. Ohun tó hàn ni pé ètò tí wọ́n fún ní àṣẹ láti kọ gbọ́dọ̀ tún wò bóyá ohun tó fẹ́ kọ ṣì bá ìgbà mu, kó sì kọ̀ láti pa ohun tí ayé ń lò rẹ́. Amazon fúnra rẹ̀ dá àwọn ètò méjèèjì dúró káàkiri ayé títí tí àtúnṣe yóò fi parí.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà. Ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ .ng sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí. Ó bọ́ sọ́wọ́ NITDA, iléeṣẹ́ ìjọba, lọ́dún 2004, ó sì di ti ẹgbẹ́ NiRA lọ́dún 2009. Inú ìwé tí NiRA ń tọ́jú yìí ni ọ̀nà ń gbà dé ọ̀dọ̀ JAMB, ẹ̀ka ìwé ìrìnnà àti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn. Bí ojú ewé kan bá fò nínú rẹ̀, ọmọ tó fẹ́ wo èsì ìdánwò yóò jókòó pa.

Oníṣòwò kékeré náà kò gbọdọ̀ sùn. Ọ̀pọ̀ ló ní kí ọmọ kan bá wọn ra orúkọ ìkànnì, tí wọn kò sì mọ orúkọ ta ni wọ́n fi rà á, ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán, tàbí ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ó yẹ kí irú wọn béèrè lónìí, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn sọ́wọ́. Ẹ̀rọ lè máa kọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.