KÉÈKÌ KÉRÉSÌMESÌ: Ẹ TÈTÈ BẸ̀RẸ̀

Òjò ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ sì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ jẹ kéèkì tí ó dára ní ọjọ́ Kérésìmesì, àsìkò yìí gan-an ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín pé, "Ní oṣù kẹwàá?" Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù kẹwàá.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí n tó tọ ẹni tí ń ṣe kéèkì tà lọ, ìdajì owó tí mo sì san fún un, yíyá ni mo yá a. Nígbà tí àlejò péjọ tí a gbé e jáde, ó funfun bí òwú; ṣùgbọ́n bí a ti fi ọ̀bẹ là á, ìyẹ̀fun tútù ni a bá ní àárín rẹ̀. Ọdún lọ, gbèsè kò lọ. Orí gbèsè náà ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ bá mi. Èmi kò dá alásè lẹ́bi púpọ̀. Iṣẹ́ oṣù méjì ni mo ní kí ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe.

Kéèkì yìí, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é tí àwọn ìyá wa ní Èkó sì ti kọ́ ọ, kì í ṣe oúnjẹ ìkánjú. Èso àjàrà gbígbẹ ni olórí rẹ̀. Inú ọtí bránǹdì tàbí rọ́ọ̀mù ni a ó rẹ ẹ́ sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú ìgò tí a dé pinpin. Lẹ́yìn náà ni a ó po bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú kínámónì. A ó sì jó ṣúgà díẹ̀ títí yóò fi dúdú, kí àwọ̀ rẹ̀ lè jinlẹ̀. Iná rẹ̀ kì í le: kéèkì ńlá a máa lo wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ààrò. Bí ó bá tutù, a ó fi bébà wé e sínú agolo, a ó sì máa ta ọtí díẹ̀ sí i lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣúgà àti ọtí ni kì í jẹ́ kí ó bu. Ní ọdún 2017, àwọn tí ń tún ilé àtijọ́ ṣe ní Cape Adare, ní ilẹ̀ yìnyín Antarctica, rí irú kéèkì bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn Captain Scott fi sílẹ̀ ní nǹkan bí 106 ọdún ṣáájú. Agolo rẹ̀ ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n kéèkì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé jẹ! Lóòótọ́, òtútù ibẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ọjà a máa gbówó lérí bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó bá ra àjàrà ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí ó ra bọ́tà ní oṣù tí ń bọ̀, kò ní mọ ìgbà tí owó náà tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Àwọn kan yóò wí pé, bí kò bá sí ṣúgà funfun lórí rẹ̀, kì í ṣe kéèkì. Ní ọdún 1940, nígbà ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de fífi ṣúgà bo kéèkì. Àwọn ìyàwó tuntun ń fi páálí funfun bo kékeré tí wọ́n ní, ìgbéyàwó wọn kò sì bàjẹ́. Kékeré tí ó jinná sàn ju ńlá tí ó tutù nínú lọ.

Ẹni tí kì í mu ọtí, omi ọsàn ni kí ó fi rẹ àjàrà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ṣe é nígbà tí ọdún bá sún mọ́ tòsí, nítorí kì í pẹ́ bíi ti ọlọ́tí. Irú èyí ni kí á gbé fún àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa, tí wọn kò gbàgbé wa nígbà ẹran Iléyá.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ ra àjàrà yín ní ọjọ́ Sátidé yìí.