Ẹgbẹ́ Tó Já Wálẹ̀ Kò Tíì Kú

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mu gan-an. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá já láti ìpele kìíní sí ìpele kejì, ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn a máa wo iwájú bí ọmọdé: wọn a wá ẹgbẹ́ mìíràn tí wọn yóò máa tẹ̀ lé, wọn a sì gbàgbé èyí tó ṣubú. Ìlú tó bá dàgbà a wo ẹ̀yìn, kí ó lè mọ ohun tó gbé ọmọ rẹ̀ ṣubú, kí ó sì fà á dìde.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ìpele kejì yìí, tí gbogbo wa ń pè ní D2, ni a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ifodjè, ẹgbẹ́ ìlú Atakpamé, mọ ìpele méjèèjì: ó ti gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn àgbà ẹgbẹ́ Tógò, ó sì ti gbá a ní ìsàlẹ̀. Òun nìkan kọ́. Étoile Filante ti Lomé ni ó gbé orúkọ Tógò dé àṣekágbá ìdíje àwọn akọni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 1968. Ẹgbẹ́ Englebert láti Kóńgò fi ayò 5 sí òdo lù ú ní Kinshasa. Nígbà tí wọ́n dé Lomé, Étoile Filante gbẹ̀san pẹ̀lú ayò 4 sí 1, ṣùgbọ́n ife ti bọ́ lọ́wọ́. Irú ẹgbẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ náà ti bá ara rẹ̀ ní ìpele kejì rí. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣubú ṣe ẹlẹ́yà.

Ìṣirò ìdíje ọdún kan kò le: ẹni tó bá borí gba àmì 3, ẹni tó bá ta ọ̀mì gba ẹyọ 1, ẹni tó bá pàdánù lọ sílé lásán. Ìṣirò ọ̀nà ni ó le. Tógò gùn, kò fẹ̀. Láti Atakpamé sí Lomé jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 160. Sí Dapaong, níbi tí ẹgbẹ́ Foadan wà, ó lé ní 400. Ẹni tó ń bójú tó ẹgbẹ́ kékeré ní láti wá ọkọ̀, epo, oúnjẹ àti ibi tí àwọn ọmọ yóò sùn, kí ó tó ronú kan ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹsẹ̀ tó ti ká jọ sínú ọkọ̀ láti òru kì í sáré bí ẹsẹ̀ tó sinmi.

Nítorí náà ni ìdíje tí a gbá nílé fi jẹ́ òpó ilé. Bí ẹgbẹ́ kan bá ta ọ̀mì nílé, àmì 2 ti dànù, ó sì lè má rí wọn gbà padà lójú ọ̀nà. Nílé náà sì ni owó ìwọlé ti ń wá. Bí ọjọ́ Àìkú bá dé, tí òjò oṣù kẹfà sì ti sọ pápá di ẹrẹ̀, ta ni yóò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Djama, Gnagna tàbí Woudou láti wá pariwo fún àwọn ọmọ wa? Ó rọrùn láti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kí a máa wo ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ Yúróòpù kankan tí àìwá wa yóò pa.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, líìgì àgbà tí wọ́n ń pè ní MLS bẹ̀rẹ̀ ní 1996, wọn kò sì fi òfin ìṣubú sí i. Ẹni tó gbẹ̀yìn ń jókòó síbẹ̀ títí ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó sì borí ní ìpele ìsàlẹ̀ gba ife, ṣùgbọ́n kò gun òkè. Owó ni ó ń ra àyè níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn tó ni ẹgbẹ́ nínú USL, tó ń bójú tó àwọn ìpele ìsàlẹ̀, dìbò pé àwọn fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa gòkè kí ó sì máa já láàárín àwọn ìpele tiwọn. Ohun tí àwọn olówó yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ni àwa ti ní tipẹ́. Òfin tó ń já ẹgbẹ́ wálẹ̀ náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un láti padà. Níbi tí kò bá sí ìṣubú, kò sí ìrètí fún ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú kan lè sọ ìrètí náà nù fúnra rẹ̀, bí ó bá jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá nìkan wà. Ìpàdánù nínú pápá kì í pa ẹgbẹ́. Ìgbàgbé ni ó ń pa á. Ìpele kìíní ní akọ̀ròyìn àti rédíò; ní ìpele kejì, ayò tí ọmọ ẹni gbá lè rá mọ́ afẹ́fẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa ọmọ Ifẹ̀ tí a lè ka oríkì bàbá ńlá wa, ẹ jẹ́ kí á lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa pẹ̀lú.

Ìmọ̀ràn wa kò gba owó púpọ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí yóò mú ìwé àti bíìrò lọ sí pápá: kí wọ́n kọ ọjọ́, ẹgbẹ́ tó wá, iye ayò, ẹni tó gbá a àti bí ojú ọjọ́ ti rí. Kí àwọn àgbà san owó ìwọlé láìbẹ̀bẹ̀ kí a fi wọ́n sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Lomé lọ pàdé ẹgbẹ́ náà nígbà tó bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì gbé omi dání. Bí Ifodjè bá wà lókè, ẹ jẹ́ kí a wà níbẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó ti nílò wa jù.