Orí ọmọ ò mọ Boundary

Ẹ gbọ́ ná. Fídíò ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n gbé sórí táǹkì ọ̀kadà, tó di ọwọ́ ẹ̀ mú, tí bàbá ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ti sú mi. Ẹ ó sì máa kọ “ọ̀gá kékeré!” sábẹ́ ẹ̀. Content lèmi náà fi ń jẹun, mo mọ bí irú ẹ̀ ṣe ń fa èrò tó. Mi ò ní gbé e sójú ewé mi.

Kẹ́nìkan tó ní mo ń ṣe òyìnbó: òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 ní ọlọ́kadà ò gbọdọ̀ gbé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12. Kó gbé e lásán nìyẹn o, kì í ṣe kọ́mọ fúnra ẹ̀ di ọwọ́ ọ̀kadà mú. Láti June 2022, ọ̀kadà gan-an ò gbọdọ̀ rìn ní Àpápá mọ́. Lóòótọ́, Ajégúnlẹ̀ tiwa, Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n kà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n orí ọmọ ò mọ Boundary jàre.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ní ká kúkú ti ọmọ mọ́lé, mi ò bá yín lọ síbẹ̀ o. Ṣé inú pálọ̀ ni Siasia àti Ighalo ti kọ́ bọ́ọ̀lù? Ọmọ tẹ́ ò jẹ́ kó gun básíkù lójú yín, á gùn ún lẹ́yìn yín, ojú títì ló sì máa gùn ún sí.

Títì yẹn gan-an ni ìṣòro. Wọ́n gbé Eto dé ní February 2021 kí tírélà má baà máa tò sójú títì Àpápá mọ́, síbẹ̀ tírélà ṣì ń kọjá, torí èbúté ò lọ ibì kankan. Awakọ̀ tó jókòó sókè lọ́hùn-ún ò lè rí ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú ẹ̀. Kì í ṣe ìkà, kò rí i ni. Torí náà, ẹ má kọ́ ọmọ lójú títì, kódà lọ́jọ́ ìbò tí ò sí mọ́tò. Tó bá ti mọ́ ọn lára, á tún jáde lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá pápá iléèwé, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun, ibi tó ṣáà ní géètì. Ẹ tú pẹ́dà básíkù náà kúrò, ẹ rẹ ìjókòó ẹ̀ sílẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì lè kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa fẹsẹ̀ ti ara ẹ̀ lọ. Tó bá ti lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè láì ṣubú, ẹ dá pẹ́dà padà. Àmọ́ bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ. (Mi ò mọ ìdí tá a fi máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sáré ká tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi básíkù háyà ládùúgbò, ẹ̀yin ni mò ń bá wí jù. Owó ń wọlé, ó dáa. Ẹ ra akoto méjì péré, kí ọmọ tó bá háyà dé e. Ẹ sì yẹ bíréèkì wò láràárọ̀.

Mọ́tò oníbátìrì táwọn ọmọ ń jókòó sí nígbà ọdún, ẹ̀yin òbí ni kẹ́ ẹ di rìmóòtù ẹ̀ mú, ẹ má gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ti elépo ńkọ́? Alùpùpù onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń háyà létí òkun yẹn, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16 má gùn ún rárá. Èmi fara mọ́ ọn. Ẹ máa bínú.

Akoto náà, kó má jẹ́ ti ọlọ́kadà o. Ó tóbi, á máa yí lórí ọmọ. Tẹ́ ẹ bá dé e, ìka méjì ló yẹ kó wà láàárín ẹ̀ àti irun òkè ojú, okùn abẹ́ àgbọ̀n ò sì gbọdọ̀ gbà ju ìka kan sí méjì lọ. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tọmọdé ní Boundary tàbí Mobil Road, kó jù ú sábẹ́ ibí, kó fi iye owó ẹ̀ sí i.