Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Géèmù Adẹ́rùbani: Aya Ta Ni Ìyá Arúgbó Yẹn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe géèmù adẹ́rùbani láti Ìkẹjà títí dé Agége, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì ní fi bò.

Ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí òpópónà Ọba Akran ni wọ́n ti pè mí pé kí n wá yẹ ìtàn géèmù tuntun wò, èmi tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ sí òṣèré lẹ́nu láti ayé fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá arúgbó kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n yìnbọn pa á, iṣẹ́ rẹ̀ parí. "Àjẹ́ Kejì" ni wọ́n kọ sínú ìwé fún un. Mo béèrè pé aya ta ni, ìyá ta ni, kí ni ó sì ń wá lóru. Ọ̀gá wọn ní, "Bàbá, ẹ̀rù là ń tà o, a ò ta ìtàn ìdílé."

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ obìnrin yẹn ní Àjẹ́ Kejì?

Wọn á ní bí wọ́n ti ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Irọ́ ni! Nínú géèmù Silent Hill 2, tí àwọn ará Japan ṣe ní 2001, tí àwọn ará Poland sì tún ṣe ní 2024, lẹ́tà aya tí ó ti kú ni ó gbé ọkọ rẹ̀ dé ìlú tí kùrukùru bò, ẹ̀bi tí ọkùnrin náà gbé pamọ́ sínú ara rẹ̀ ni ó sì ń dẹ́rù bà á níbẹ̀. Ibi tí àwọn ará òkè òkun ti kùnà ni ibi tí wọn kò ti mọ ẹni: ní 2009, Resident Evil 5 gbé ìlú Kijuju sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, síbẹ̀ èdè Swahili ti Ìlà Oòrùn ni ó fi sí àwọn ará ìlú lẹ́nu. Inú bí mi sí àlejò tí ó ṣe èyí. Kí ni kí n wá ṣe sí ọmọ bíbí inú wa?

Fágúnwà kò ní kọ̀ǹpútà ní 1938 tí ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ẹ̀rù ń gbé. Àjẹ́ paraku ni ìyá Àkàrà-Oògùn, ọdẹ inú ìwé náà, ṣùgbọ́n aya ni, ìyá ni, ọkọ rẹ̀ gan-an ni ó sì yìnbọn fún un nígbà tí obìnrin náà gbé àwọ̀ ẹranko wọ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìyá tí à ń kí ní Àbẹ̀kẹ́ láàárọ̀, tí a wá bá lóru níbi tí a kò retí rẹ̀, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń mú ẹsẹ̀ wúwo, kì í ṣe àjèjì tí ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbà, bí kò tilẹ̀ wù mí, pé owó kò tó, pé epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ owó òǹkọ̀wé, àti pé ẹni tí ó ya ìyá arúgbó náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn láti bi ara rẹ̀ pé kí ni obìnrin yìí ń wá lóru.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ pe òǹkọ̀wé kí ẹ tó pe ayàwòrán, ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín, kí ẹ sì fún gbogbo ẹ̀dá ìtàn yín ní ìdí. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó máa ta ariwo rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ó yé fi àwòrán àwọn ìyá wa polówó rẹ̀.