Iná Mọ̀nàmọ́ná àti Ààbò Ilé

Orúkọ tí Yorùbá fún iná ìgbàlódé bá a mu. Mọ̀nàmọ́ná tí ń kọ lójú ọ̀run ni a fi pè é. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ni wọ́n sì gbé síwájú ilé-iṣẹ́ iná ní Marina, Èkó. Iná yìí ń ṣeni lóore. Bí ó bá bínú, a máa jó fíríìjì, a sì máa jó ilé.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a fi surge protector sí ibi tí iná gbà wọ ilé? Èrò tèmi ni pé ó yẹ. Bí agbára iná bá ru sókè lójijì, nítorí àrá tàbí nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀rọ yìí yóò darí rẹ̀ sínú ilẹ̀. Àwọn kan ní kí a sáà máa yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n bí òjò bá ṣú. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ ọ́ nígbà tí gbogbo ará ilé ti lọ sí ibi iṣẹ́?

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀rọ yìí ṣe oògùn gbogbo àrùn. Lọ́nà kìíní, bí ilé kò bá ní wáyà tí ó wọlẹ̀ dáadáa, tàbí tí irin rẹ̀ ti dípẹtà, owó ẹ̀rọ náà ti ṣòfò. Lọ́nà kejì, iná tí ó ru sókè fún ìgbà kúkurú tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan rárá ni ó lè kápá. Iná ilé wa yẹ kí ó jẹ́ 230 volts. Bí wáyà neutral bá já lórí òpó, ó lè sún mọ́ 400. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ pẹ́, surge protector fúnra rẹ̀ lè jóná. Ẹ̀rọ tí ń já iná kúrò nígbà tí ó bá ga jù ni ó lè gbani lọ́wọ́ èyí.

Nítorí náà, kí onílé kọ́kọ́ pe oníṣẹ́ iná kí ó yẹ wáyà ilẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni kí ó ra ẹ̀rọ tí ń já iná, kí surge protector sì tẹ̀ lé e. Kí ó máa wo iná kékeré tó wà lójú rẹ̀ lóòrèkóòrè pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rọ náà a máa gbó.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.