Àlòkù Lórúkọ Tuntun: Ẹni Tó Gbowó Ni Kó Dá A Padà

Bí oníbàárà bá sanwó háàdì díìsìkì tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wá gbé àlòkù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Ìbà tàbí Òkòkòmáíkò, ilé ìtajà tó gbowó ló gbọ́dọ̀ dá a padà, láìfi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ìbáà jẹ́ àṣìṣe ẹni tó di ẹrù, ìbáà jẹ́ jìbìtì ẹni tó kó ọjà wá, kí wọ́n yanjú ìyẹn láàárín ara wọn. Òfin ààbò oníbàárà tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 pa á láṣẹ pé kí ẹni tó ń ta àlòkù kọ ọ́ sí i lára gbàǹgbà. Ẹni tí kò sì ráyè yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e dé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́ bí kò bá bá ohun tó rà mu, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Kò sí àkọlé "ọjà tí a bá tà kì í padà" tó lè borí ìyẹn.

Àwọn kan á ní kí ẹni tẹ́rù ń bà gba Ọjà Àlàbá lọ, ṣebí Ọ̀jọ́ níbí náà ló wà. Òótọ́ ni pé ní Àlàbá, a lè ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ lójú wa ká tó sanwó. Ohun tó mú kí ojúṣe ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì wúwo jù nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan la gbára lé. Tòkunbọ̀ ò burú. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀nténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n ṣáà pè é ní tòkunbọ̀, kí wọ́n sì gba owó tòkunbọ̀. Ojú lásán kì í dá a mọ̀. Háàdì díìsìkì máa ń ka iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́ sínú ara rẹ̀, àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ilé ìròyìn Heise ní Jámánì tú àṣírí àwọn háàdì díìsìkì Seagate tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, tí wọ́n dá òǹkà wọn padà sí òdo, tí wọ́n sì tà bíi tuntun. Àkọsílẹ̀ mìíràn tó wà nínú ẹ̀rọ náà ló tú wọn fó. Bí èyí bá wọ ilé ìtajà Jámánì, báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n lójú ẹni tó gbé ẹrù wá, tó ń kán an lójú pé kó fọwọ́ sí i?

Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí olùtajà ní tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà kan ń pààrọ̀ ọjà: wọ́n á mú tuntun, wọ́n á dá àlòkù tiwọn padà. Wọ́n wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe háàdì díìsìkì ti kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sí i lára. Kí ilé ìtajà kọ nọ́ńbà yẹn sórí rìsíìtì kó tó di ẹrù. Bí èyí tó padà bá yàtọ̀, oníbàárà ló purọ́. Ilé ìtajà tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ kò lẹ́nu láti pe ẹnikẹ́ni lólè. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ náà á ná àwọn lówó, ara ohun tí wọ́n ń gba èrè lé lórí nìyẹn. Kí àjọ ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, FCCPC, àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó, LASCOPA, má sì jókòó de ẹni tó máa wá fẹjọ́ sùn. Kí wọ́n ra ọjà bí oníbàárà, kí wọ́n tú u yẹ̀ wò, kí wọ́n sì kéde orúkọ ilé ìtajà tó bá kọ̀ láti dá owó padà.