Igbá àkàrà kọ́ ni igba àkàrà

 

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n bá òun dá Ifá. Mo dá a, Ifá fọre, Ifá sì yan ẹbọ. Ọwọ́ mi dí lọ́jọ́ náà, ni mo bá ní kí ọmọ awo mi kan kọ ohun ẹbọ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọmọ náà kọ "igba akara", kò fàmì kankan sí i. Igbá àkàrà ni mo pè fún un, ìyẹn àkàrà tí ó kún igbá kan, kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọdé. Obìnrin yìí ka tirẹ̀ sí 200. Ní ọjọ́ kejì ó pè mí: "Bàbá, apá ń ro mí o, ó ṣì ku mẹ́rìnlélógójì."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Tí ó bá jẹ́ àgúnmu ni mo ní kí ọmọ náà kọ ńkọ́?

Odù Ifá jẹ́ 256: ojú odù 16, àmúlù 240. Àwọn bàbá wa kò ní bíírò, wọn kò sì ní ìwé, síbẹ̀ ó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan rò pé làákàyè nìkan ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Rárá o, èdè ni àpótí tí wọ́n kó o sí. Tí ọmọ awo bá ń ké ẹsẹ, tí ó ṣi ohùn kan pè, etí olúwo ti gbọ́ ọ kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ẹsẹ náà sì ní ètò: ẹni tí ó dá a, ẹni tí a dá a fún, ohun tí ó ń wá, ẹbọ tí a ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u. Tí ọmọ bá gbàgbé ibì kan, ètò yìí á mú un padà sójú ọ̀nà.

Ẹ tún wo ewé. Gbé wà nínú ewé gbégbé. Yè wà nínú ewé ìyeyè. Orúkọ ewé ló ń rán wa létí iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí a bá sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Spondias mombin ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìyeyè. Ewé kan náà ni, àmọ́ yè kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo tí a ń pè ní Fátúmbí, rí èyí dáadáa. Ẹ wá ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ewé, tí ó jáde ní 1995.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, ẹni tí ó bá sọ Yorùbá á san owó ìtanràn. Mo ha photosynthesis sórí. Mo ṣì lè kà á fún yín lónìí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ni ewé ń fi oòrùn ṣe, ẹnu mi á wọhò. Ní ìrọ̀lẹ́, màá jókòó lórí ẹní níwájú bàbá mi, ohun tí ó bá sọ kì í jábọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Wọ́n ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ni wọ́n ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní 2022, ta ló gbé e dé WAEC ní 2025? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mi ò kórìíra Gẹ̀ẹ́sì o. Àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ. Ibi tí wọ́n ní kí ó jókòó sí ni mo ń bá wọn jà lé.

Àwọn babaláwo ilẹ̀ Kúbà ń pe Ọ̀wọ́nrín ní Ojuani. Wọ́n kọ Ifá sínú ìwé pélébé pẹ̀lú èdè Sípáníìṣì, wọ́n sì ń wá sílé láti bi wá pé kí ni orin kan tí wọ́n ń kọ ń wí. Mo júbà fún wọn, nítorí oko ẹrú ló gba èdè lẹ́nu àwọn baba wọn. Ta ló gba tiwa?

Ní ti ọmọ awo mi, mo ní kò gbọdọ̀ fi ohun ẹbọ ránṣẹ́ láìfàmì sí i mọ́. Ó ní fóònù òun kò ní àmì. Mo ní kó pe oníbèéèrè nígbà náà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí n jókòó tì í, kí n gbọ́.